Ohun Tí A Rò Pé Ó Pa Ìbídùn Lẹ́nu Mọ́

Bí o bá ní ọmọ tó ń gbọ́ ìró ẹ̀pà tí wọ́n ń pa nínú yàrá, àmọ́ tí kì í wẹ̀yìn bí o bá pe orúkọ rẹ̀, jókòó kí o gbọ́ tèmi. Ìwé kẹrin ni mo kà dé, iṣẹ́ oko kòkó ni mo sì fi ń jẹun, nítorí náà má retí ọ̀rọ̀ dókítà lẹ́nu mi. Ohun tí ojú wa rí ní Odode, nísàlẹ̀ òkè Ìdànrè, ni mo fẹ́ sọ, àti bí ẹ̀rù ṣe sọ èmi àgbà ọkùnrin di ẹni tí àwọn ọmọ iléèwé ń kọrin bú.

Ìbídùn ni ọmọ àbúrò mi, Akíndélé. Ọlátẹ̀jú ni ìyá rẹ̀, ọmọ Ọ̀wẹnà. Yèyé, ìyá tó bí èmi àti Akíndélé, ń bá wa gbé nínú agbolé kan náà. Bàbá wa ti kú, èmi ni àgbà ilé. Wúràọlá ni ìyàwó tèmi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, a ti fẹ́ra pẹ́, a kò tíì bí, Ìbídùn sì ni ọmọ àkọ́kọ́ tó wọ ilé wa. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n wá fi ń pe èmi náà, Bàbá Ìbídùn. Akíndélé tó bí i kò bínú. Ó ní orúkọ náà fẹ̀ tó èèyàn méjì.

Ọdún tí a kọ́kọ́ fọ́n oògùn sí kòkó ni ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀. Àrùn ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi lọ́dún náà, ni ọkùnrin iṣẹ́ àgbẹ̀ bá wá láti Àkúrẹ́. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń po oògùn aláwọ̀ aró kan mọ́ omi àti ẹfun, bí a ṣe ń gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, tí a ó máa fọ́n ọn sára èso. Ó ní kí aboyún àti ọmọdé má ṣe sún mọ́ ọn. Gbogbo wa ní a ti gbọ́. Àmọ́ omi ni iṣẹ́ náà fẹ́, ọ̀pọ̀ garawa omi. Nílé wa, ọkùnrin ló ń fọ́n, ìyàwó ilé ló ń pọn omi láti odò wá. Kò sí ẹni tó rò pé omi pípọn jẹ́ sísún mọ́ oògùn. Garawa kẹrosíìnì tí a bá fi po oògùn náà lọ́sàn-án, òun náà ni wọ́n ń ṣàn lódò, tí wọ́n fi ń ru omi mímu bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́.

Ìkókó tó sanra ni Ìbídùn. Ó rẹ́rìn-ín lásìkò, ó rìn lásìkò. Ó tilẹ̀ ti ń pe omi, ó ń pe Yèyé. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tó pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́ kí ó má bàa jí ará ilé, ó dákẹ́.

A kọ́kọ́ rò pé etí rẹ̀ ló di. Mo gbé abọ́ ìwẹ̀, mo yọ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi ọmọ odó lu abọ́ náà. Adìẹ fò, ewúrẹ́ já okùn, aládùúgbò wa sáré wọlé wá bèèrè ẹni tó kú. Ìbídùn kò gbójú sókè. Ó ń fi ọmọrí ìkòkò pòòyì lórí ilẹ̀, ó ń wò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni Yèyé pa ẹ̀pà kan ṣoṣo nínú yàrá, ọmọ náà sì ti ìta sáré wọlé, ó tẹ́wọ́.

Yèyé wò mí, ó ní, “Etí tó gbọ́ ẹ̀pà kò di. Ariwo tìrẹ ni kò fẹ́ gbọ́.”

Kì í na ìka sí nǹkan bí ọmọ yòókù. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á wá mú mi lọ́rùn ọwọ́, á fà mí dé ìdí àmù, á gbé ọwọ́ mi lé ìdérí rẹ̀. Kò ní wojú mi rárá. Bí èèyàn ṣe ń mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó ló ṣe ń mú ọwọ́ mi. Bó bá fẹ́ kí n rú kòkó tí a sá sórí ẹní, kí ó lè gbọ́ bó ṣe ń ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọwọ́ yẹn náà ni yóò fà lọ. Mo sọ fún Wúràọlá pé, “Ọwọ́ méjì ni mo rò pé mo ní. Èyí ọ̀tún kì í ṣe tèmi mọ́. Ti Ìbídùn ni.”

Wúràọlá ní, “Ẹ jẹ́ kó bá mi fi í gún iyán.”

Bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín tó ni ìdààmú ń jókòó tì wá. Kò sí ẹni tó gba ojúde wa kọjá tí kò mọ oògùn tí a ó lò. Àgbo dé, ó mu ún, ó pọ̀ ọ́ sí mi láyà. Omi àdúrà dé láti ilé àdúrà mẹ́ta tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹnìkan ní kí a gé abẹ́ ahọ́n rẹ̀ díẹ̀, Ọlátẹ̀jú bá pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ẹni náà fi lọ. Àbúrò bàbá wa kan wá ní omi tí odíderẹ́ bá mu kù ló máa ń la ọmọdé lóhùn. Èmi ni mo lọ yá odíderẹ́ wá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. A gbé àgò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìbídùn, ọmọ ń mu omi rẹ̀, àwa ń retí. Ìbídùn ní ìró kan tó máa ń fi imú kùn bí inú rẹ̀ bá dùn. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, odíderẹ́ ti kọ́ ìró náà. Ẹyẹ tó ń kí èèyàn tẹ́lẹ̀ kò kí ẹnikẹ́ni mọ́, ó kàn ń kùn ni. Ọ̀rẹ́ mi gbé e padà tìbínú-tìbínú, ó ní a ti ba ẹyẹ òun jẹ́.

Nígbà tí oògùn kò ran án, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí. Àwọn kan ní kùrukùru tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta ló wọ̀ ọ́ lára. Àwọn kan ní èéfín ilé ìdáná ni. Ẹlòmíràn ní òkúta tí àwọn tó ń la títì ń fi ẹ̀tù fọ́ ló dẹ́rù ba ìyá rẹ̀ nínú oyún. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó wá ra epo rántí pé Ọlátẹ̀jú ru omi oògùn kòkó nígbà tó lóyún. Bí ó ṣe sọ ọ́ tán, ó dà bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kùrukùru bọ́ sílẹ̀, èéfín bọ́ sílẹ̀, oògùn kòkó nìkan ló kù.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti mú mi, nítorí pé lásìkò yẹn gan-an ni Wúràọlá sọ fún mi pé òun lóyún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe. Mo gbé pọ́ǹpù jù sí abà oko, mo ní n kò fọ́n nǹkan kan mọ́, kí Akíndélé máa fọ́n tèmi mọ́ tirẹ̀. Mo ní Wúràọlá kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀nà oko. Bí mo bá ti oko dé, ojúde ni mo ti ń bọ́ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ ń gbabẹ̀ kọjá, wọ́n sì sọ mí dorin. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Mo tẹ́ ẹní sí pálọ̀, mo ń sùn níbẹ̀, kí èémí mi má bàa kan ikùn rẹ̀.

Wúràọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Bàbá Ìbídùn, ṣé èmi ni mo lóyún ni àbí ẹ̀yin?”

Mo ní, “O kò mọ ohun tí mò ń rò.”

Ó ní, “Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo Odode ló mọ̀ ọ́n. Ọsàn ni gbogbo ara yín ń rùn.”

Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo sọ fún Akíndélé pé kí a gbé Ìbídùn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́. Mo ní nítorí ọmọ náà ni. Òótọ́ ni, àmọ́ mo fẹ́ bi dókítà ní ìbéèrè tèmi náà. Akíndélé kò lè fi oko sílẹ̀, èmi àti Ọlátẹ̀jú la jọ wọ lọ́rì. Ní gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ fèrè ni Ìbídùn ń fi ọwọ́ mi di etí rẹ̀.

Èrò ibẹ̀ pọ̀ ju ti ọjà lọ. Ìgò ni aláìsàn fi ń gba ipò nígbà náà. Olúkúlùkù ń mú ìgò tó máa fi gba oògùn olómi láti ilé, á tò ó sórí pẹpẹ kan níwájú ilẹ̀kùn, á lọ jókòó lábẹ́ igi, ìgò á sì máa bá a dúró. Àwa náà to tiwa. Oorun gbé mi lọ díẹ̀, oorun gbé Ọlátẹ̀jú náà. Nígbà tí a lajú, Ìbídùn ti tún gbogbo ìgò náà tò láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó ga jù, ó gún régé bí eyín. Ìgò òróró obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló wá síwájú. Ìgò ọtí ńlá bàbá kan tó ti wà níbẹ̀ láti ìdájí ló bọ́ sẹ́yìn pátápátá.

Bàbá náà dìde, ó ní, “Ta ló gbé ìgò mi débí?”

Nọ́ọ̀sì wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. “Bàbá, tiyín ló ga jù.”

“Ṣé gíga lẹ fi ń tọ́jú èèyàn níbí ni?”

Ariwo sọ. Olúkúlùkù ń fa ìgò rẹ̀ yọ, ọ̀kan bọ́, ó fọ́. Ìbídùn bú sẹ́kún, kì í ṣe nítorí ariwo, nítorí ìtò rẹ̀ tó dàrú ni. Ó wólẹ̀, ó ń fi orí gbá ilẹ̀. Ọlátẹ̀jú dùbúlẹ̀ tì í níbẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ilẹ̀ fún orí ọmọ rẹ̀, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ bàbá ìgò ńlá. Ó wá bá mi, mo rò pé ó fẹ́ lù mí ni. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ọmọ ọmọ mi kan wà nílé tó ń ṣe báyìí,” ló wí. “Igi ìdáná ni tiẹ̀ ń tò. Mo ti rò pé àwa nìkan ni.”

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn wọ̀ mí lára ju oògùn tí wọ́n fún wa lọ. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ọmọ Yorùbá ni dókítà, gíláàsì lójú, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó bèèrè bóyá gìrì mú ọmọ náà rí, bóyá ó ṣubú, bóyá ìrọbí pẹ́. Ó wá bi Ọlátẹ̀jú pé, “Ṣé o máa ń gbé e mọ́ra?”

Ọlátẹ̀jú rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. “Dókítà, àfi bí mo bá ń wẹ̀ ni ọmọ yìí ń kúrò lára mi.”

Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í díẹ̀. Ó ní àwọn kan tó ń kọ̀wé nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú òyìnbó ló ní kí àwọn máa bèèrè bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé ìyá tí kì í gbé ọmọ mọ́ra ló ń fà á. Mo kíyè sí i pé lọ́hùn-ún náà, ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń wá ẹjọ́.

Mo wá bi í léèrè tèmi. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, oògùn kòkó ńkọ́? Ìyá rẹ̀ ru omi rẹ̀ nígbà tó lóyún.”

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. Ó ní, “Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ ohun tí ìyá mu tàbí fà símú, ó lè jẹ́ ohun tó ti inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá wá, ó lè jẹ́ méjèèjì, ó lè máà jẹ́ ọ̀kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ̀ ọ́n, ẹ bi í bó ṣe mọ̀ ọ́n. Àmọ́ oògùn tó ń pa àrùn lára igi kì í ṣe omi mímu. Ẹ mú un jìnnà sí aboyún, ì báà ṣe òun ló fà á, ì báà ṣe òun kọ́.” Ó ní kí a máa bá Ìbídùn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń gbọ́, kí a má lù ú, kí a má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó mọ́lẹ̀.

“Mi ò mọ̀” yẹn ni mo gbé bọ̀ wálé láti Àkúrẹ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò fẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Yèyé pe gbogbo wa sí ẹ̀yìnkùlé. Ọlátẹ̀jú kúnlẹ̀, Ìbídùn ń fi ọmọrí pòòyì níwájú rẹ̀. Akíndélé ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Yèyé ní, “Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Ó jìnnà díẹ̀. Wọn á so ó mọ́lẹ̀ títí ohun tó wà lára rẹ̀ á fi jáde. Kí Ọlátẹ̀jú padà sí Ọ̀wẹnà lọ sinmi ná. Akíndélé ṣì kéré, kò ní ṣàì rí ìyàwó.”

Mo ní, “Yèyé, kí ló ṣe?”

“Ó gbé oyún wọ inú oògùn. Ṣé ìwọ náà kò mọ̀ ni?”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ ni yóò ṣẹ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ oògùn yẹn ti wọ èmi lára ju Yèyé fúnra rẹ̀ lọ. Mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Ìbídùn ìbá ti rò pé òun ti rí ẹnìkejì.

Wúràọlá ló jáde láti ilé ìdáná, ikùn níwájú, ìpọn ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Yèyé, ẹ má bínú. Ta ló gbé garawa lé Ọlátẹ̀jú lórí lọ́dún náà?”

“Ìbéèrè wo nìyẹn? Ìyàwó ilé kì í pọn omi ni? Èmi náà pọn ọn fún bàbá wọn.”

“Ẹ pọn ọn, mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ rán an, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ èmi. Mo sì ti pọn tèmi lọ́dún yìí.”

Mo ní, “Ìgbà wo?”

“Àwọn àárọ̀ tí ẹ rò pé ọjà ni mo lọ. Ẹ gbé pọ́ǹpù sílẹ̀, ẹ di ẹrù méjì lé Akíndélé lórí. Ṣé òun ni yóò fọ́n, tí yóò tún máa pọn omi? Ta lẹ rò pé ó ń ṣe iṣẹ́ yín?”

Mo jókòó sórí ohun tó sún mọ́ mi jù, apẹ̀rẹ̀ tí Yèyé kó ẹyin adìẹ sí sì ni. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín àfi Ìbídùn, tó máa ń gbádùn ìró nǹkan tó bá ń fọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló dá ohùn mi padà.

Orí ẹyin yẹn ni mo ti sọ̀rọ̀. Mo ní, “Yèyé, bí Ọlátẹ̀jú bá lọ nítorí garawa, Wúràọlá náà á lọ. Bí Wúràọlá bá lọ, kí ẹ̀yin náà di ẹrù yín, nítorí omi inú garawa yẹn ni gbogbo wa ń mu. Yóò wá ku èmi àti ewúrẹ́. Dókítà tó kàwé títí ojú fi ń dùn ún kò lè sọ pé oògùn ló ṣe é. Ohun tó sọ ni kí a mú un jìnnà sí aboyún, ìyẹn la ó sì ṣe. Ìyàwó kankan kò ní pọn omi oògùn mọ́ nílé yìí. Ẹnikẹ́ni kò ní so ọmọ yìí mọ́lẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì lọ síbì kankan.”

Akíndélé gbójú sókè. Ó fa ìyàwó rẹ̀ dìde. “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi.”

Yèyé wo apẹ̀rẹ̀ tí mo jókòó lé. Ó ní, “Dìde lórí ẹyin mi.” Mo dìde. Ó wá ní, “Ọlátẹ̀jú, lọ bu oúnjẹ fún ọmọ yẹn kó tó tutù.”

Láti ìgbà náà ni èmi àti Akíndélé ti ń pọn omi kòkó fúnra wa. A lu garawa oògùn níhò létí, a so ó mọ́ abà, kò gbọdọ̀ wálé. Àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ wa fi wá ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní a ti di ìyàwó. Lẹ́yìn náà a rí i tí ọ̀kan nínú wọn ń yọ́ gbé garawa tirẹ̀ lọ sí odò.

Wúràọlá bí ọkùnrin nígbà ọyẹ́, a sọ ọ́ ní Akínwùmí. N kò ní purọ́, mo ṣọ́ ọmọ náà bí ẹni ṣọ́ olè. Mo wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, mo pàtẹ́wọ́, mo pa ẹ̀pà. Ó ń wojú mi, ó ń rẹ́rìn-ín mi. Nígbà tó tó àkókò ọ̀rọ̀, ó sọ ọ́, kò sì tíì sinmi di òní. Obìnrin méjì, oyún méjì, garawa kan. Ọ̀kan dákẹ́, ọ̀kan kò jẹ́ kí a sùn. N kò sọ pé oògùn náà kò lè ṣe ibi. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí ìyàwó rẹ jìnnà sí i. Àmọ́ má sọ ọ́ di òkò tí wàá jù mọ́ ìyá ọmọ. Òun ló ṣì ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ kí orí ọmọ má bàa fọ́.

Ìbídùn ti ga dé àyà mi báyìí. Kò lọ sí iléèwé, a gbìyànjú rẹ̀, ariwo ibẹ̀ lé e padà. Ó tún ti ń pe omi. Ó ń pe Yèyé, Yèyé sì máa ń dáhùn láti ibikíbi tó bá wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe pípè ló ń pè é. Orin ṣọ́ọ̀ṣì tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, á kùn ún láìṣì. Àwọn ọjọ́ kan le. Ó ń bẹ tó jẹ́ pé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ni yóò fi ké, tí a kò ní mọ ìdí. Ẹ̀rù ọjọ́ iwájú ṣì ń bà mí. Ta ni yóò mọ ohun tó ń fẹ́ bí àwa kò bá sí mọ́? N kò mọ̀, n kò sì tún fẹ́ ẹni tí yóò wá tan mí pé òun mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Akínwùmí já láti orí pẹpẹ tí a ń sá kòkó sí, ó fi orúnkún balẹ̀, ó ń ké kíkankíkan. Mo jókòó nítòsí, mo ń ṣa kòkó, mo sì rò pé kí ó ké tán. Mo rí i tí Ìbídùn dìde. Ó wá mú mi lọ́rùn ọwọ́ bí ìṣe rẹ̀, kò wojú mi. Mo rò pé àmù là ń lọ. Ó fà mí kọjá àmù. Ó fà mí dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ó gbé ọwọ́ mi lé e lẹ́yìn, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ní gbogbo ọdún tó ti ń lo ọwọ́ yìí, kò lò ó fún ẹlòmíràn rí.

Akínwùmí ṣíwọ́ ẹkún. Wúràọlá yọjú láti ilé ìdáná, ó ní, “Bàbá Ìbídùn, ẹ rọra, ọwọ́ yín wúwo lẹ́yìn ọmọ.”

Mo ní, “Ọwọ́ mi kọ́ nìyẹn. Ọwọ́ Ìbídùn ni.”